Ìwé Fáúṣà Kì í Ṣe Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé yíyá gbé. Ìlú Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó kàn wá nílé níbí, nítorí àwọn ọmọ wa ni ó wà lọ́hùn-ún. Àwọn kan nínú wọn ń wá ilé tí wọn yóò gbé. Àwọn mìíràn ti ra ilé, wọ́n sì ti di onílé tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan: nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi tí wọ́n ń pè ní ààfáà ni mo kọ́kọ́ gba ènìyàn ní ìmọ̀ràn tí kò tọ́.

Ní ọdún 2024, ọmọ mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní agbègbè Prince George's tí ó bá Washington olú-ìlú wọn pààlà, ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá gba àwẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Àwẹ̀ ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù March. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní agbègbè náà gan-an. Ẹ óò rí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti gààrí, ẹ óò sì gbọ́ kí wọ́n máa kí ara wọn ní èdè wa bí ẹni pé Ìbàdàn ni a wà. Jàmáà tí ọmọ mi ń bá kírun ní kí n máa ṣíwájú wọn ní ìrun àṣámù ní àwọn alẹ́ kan. Òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, àwọn tí ń tọ́jú arúgbó, àti àwọn oníṣòwò kéékèèké.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun, obìnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ààfáà, ẹ bá mi ṣe àdúà. Mo ti rí fáúṣà gbà, ṣùgbọ́n n kò rí ilé. Ó ku ọjọ́ 19 péré kí ìwé náà di asán."

Mo ṣe àdúà, ó ṣe àmín, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ṣe àmín. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe àdúà lé lórí. Ohun tí mo ti gbọ́ ní ọjà Gbági kí n tó rìnrìn-àjò ni pé ìjọba Amẹ́ríkà a máa pín ilé fún aláìní lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rò pé bí ènìyàn bá ti gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, kọ́kọ́rọ́ ilé ni yóò tẹ̀ lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú jàmáà náà, ọmọbìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Òun ni ó jókòó tì mí tí ó sì là mí lóye, kí Ọlọ́hun san án fún un. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Òfin tí ó bí ètò yìí, ọdún 1974 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí Gerald Ford wà lórí oyè gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Wọ́n fi í ṣe apá kẹjọ nínú òfin ilé gbígbé tí wọ́n ti ní láti ọdún 1937, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Section 8 títí di òní. Inú rẹ̀ ni fáúṣà ti jáde. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HUD ni ó ń pèsè owó náà. Àwọn ọ́fíìsì ilé gbígbé tí ó wà káàkiri àwọn ìlú, tí iye wọn lé ní 2,000, ni ó sì ń fún àwọn ènìyàn ní ìwé. Ìdílé tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 ni ó ń fi ìwé yìí gbé ilé.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìjọba kò fún ẹni náà ní ilé. Ìwé ni wọ́n fún un. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wá onílé tí yóò gbà á. Bí ó bá rí onílé, wọn yóò jọ kọ ìwé sí ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì yóò wo iye tí onílé ń béèrè, yóò fi wé owó irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà, kí onílé má baà gbé owó lé ìjọba lórí. Lẹ́yìn náà ni wolé-wolé yóò wá yẹ ilé náà wò. Bí ohun gbogbo bá yanjú, ayálégbé yóò máa san nǹkan bí ìpín 30 nínú 100 owó tí ó ń wọlé fún un lóṣooṣù, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ohun tí òfin ní kí wọ́n yọ; ìjọba yóò sì máa san ìyókù sí ọwọ́ onílé tààrà. Ayálégbé kò ní fọwọ́ kan èyí tí ìjọba ń san.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Obìnrin tí mo ń sọ yìí ń tọ́jú àwọn arúgbó. Owó tí ọ́fíìsì kà sí i lọ́rùn lóṣù jẹ́ 2,000 dọ́là. Ìpín 30 nínú rẹ̀ jẹ́ 600. Òdiwọ̀n tí ọ́fíìsì gbé kalẹ̀ fún irú ilé tí ìdílé rẹ̀ nílò jẹ́ 2,400. Bí ó bá rí ilé 2,400, òun yóò san 600, ìjọba yóò san 1,800. Bí ó bá rí ilé tí owó rẹ̀ ju òdiwọ̀n lọ, bí 2,600, ìjọba kò ní fi kún 1,800 tirẹ̀; obìnrin náà ni yóò ru àlékún, yóò sì di 800. Iye yìí jẹ́ ìpín 40 nínú 100 owó rẹ̀, ibẹ̀ sì ni òfin fi ààlà sí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé. Ilé 2,700 kò ṣeé ṣe fún un, bí ó tilẹ̀ wù ú.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìwé náà kì í pẹ́ kí ó tó kú. Ọjọ́ 60 ni òfin ní kí ọ́fíìsì fún ènìyàn, ó kéré tán, láti fi wá ilé. Bí ọjọ́ bá pé tí kò rí ilé, tí wọn kò sì fi ọjọ́ kún un, ìwé ti lọ nìyẹn, wọn yóò sì fún ẹlòmíràn lórí ìlà. Ìlà náà kò kéré. Nínú ìdílé 4 tí ipò wọn yẹ fún ìrànwọ́ ilé ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 1 ni ó ń rí i gbà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọn a máa ti ìlà náà pa fún ọdún pípẹ́. Bí wọ́n bá ṣí i, ó lè jẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ péré, wọn a sì máa ṣẹ́ kèké láti mú orúkọ. Obìnrin yìí àti ọkọ rẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọdún 2018. Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 2021. Ọdún 2024 ni ìwé tó dé. Ọdún 6 ni ó fi dúró, ọjọ́ 60 ni wọ́n fún un, ó sì ti lo 41 nínú rẹ̀ kí ó tó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

Mo bi í léèrè pé, "Ọmọ mi, kí ni àwọn onílé ń wí?" Ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀. Ó ti kọ orúkọ gbogbo ibi tí ó ti béèrè sínú rẹ̀: ibi 31. Àwọn kan kò dáhùn ìpè rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ó dárúkọ fáúṣà. Àwọn kan ní ilé ti lọ, ṣùgbọ́n ó tún rí i lọ́sẹ̀ kejì pé ilé náà ṣì wà nílẹ̀. Àwọn kan gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì pè é mọ́.

Ǹjẹ́ òfin fi àyè gba èyí? Ó wà lọ́wọ́ ibi tí ènìyàn ń gbé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1968 kọ̀ fún onílé láti lé ènìyàn nítorí àwọ̀ tàbí nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ fáúṣà. Ìpínlẹ̀ Maryland ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2020, pé onílé kò gbọdọ̀ kọ ayálégbé nítorí pé ìjọba ni yóò bá a san nínú owó ilé. Ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí Chicago wà, ṣe bẹ́ẹ̀ náà, òfin tiwọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé ní Houston, òfin ọdún 2015 sọ pé ìlú kankan kò gbọdọ̀ fi dandan mú onílé ní ọ̀rọ̀ fáúṣà, àfi bí ayálégbé bá jẹ́ ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ológun. Nítorí náà, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún má ṣe rò pé bí ó ti rí ní ìlú kan ni ó rí ní gbogbo ìlú. Ní Maryland pàápàá tí òfin wà, ta ni yóò sọ ní ojú ọmọ ènìyàn pé ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni òun kórìíra? "Ilé ti lọ" ni wọn yóò wí.

Nígbà tí mo gbọ́ gbogbo èyí, mo rántí pé onílé kan wà nínú jàmáà wa. Àgbàlagbà ni, ọmọ Yorùbá ni, Àlàájì ni, ó ní ilé méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ṣófo. Mo tọ̀ ọ́ lọ. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní òun kò ní ohunkóhun lòdì sí fáúṣà, kí obìnrin náà wá. 2,600 ni ó béèrè. Wọ́n kọ ìwé sí ọ́fíìsì, ọ́fíìsì sì dáhùn pé wọ́n ti fi ilé náà wé ti àdúgbò, 2,400 ni ó tọ́ sí. Àlàájì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Ààfáà, kò burú. Kí wọ́n kọ 2,400 sínú ìwé, kí obìnrin náà máa fún mi ní 200 sí ọwọ́ lóṣooṣù. Àárín àwa ni. Ṣé ọmọ wa ni."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ bá obìnrin náà, mo ní, "Gbà á bẹ́ẹ̀. Kí ni 200 dọ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìwọ àti àwọn ọmọ wọ̀nyí máa sùn káàkiri?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Bí Ààfáà bá ní kí n san án, n óò san án."

Gbólóhùn yìí ni kò jẹ́ kí n sùn ní òru ọjọ́ náà. Kò sọ pé ó dára. Kò sọ pé ó wù òun. Orí mi ni ó gbé e lé. Mo dìde ní sààrì, mo ń jẹun ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ. Ó lé ní 30 ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéú pé àdéhùn jẹ́ gbèsè lọ́rùn ẹni, àti pé ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹni, àmáánà ni. Nísinsìnyí mo ń sọ fún opó kan pé kí ó fọwọ́ sí ìwé méjì fún ilé kan ṣoṣo, ọ̀kan ní gbangba, ọ̀kan ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe ọmọbìnrin tí ó là mí lóye níṣàájú. Ó pariwo. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ṣe é!" Ó ṣàlàyé pé nínú ìwé àdéhùn tí onílé ń bá ọ́fíìsì ṣe, ó ti fọwọ́ sí i pé yàtọ̀ sí owó tí ọ́fíìsì fi àṣẹ sí, òun kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ayálégbé fún ilé náà. Onílé tí ó bá gba owó abẹ́lẹ̀ lè dá a padà, wọ́n sì lè yọ ọ́ kúrò nínú ètò náà, ó sì lè dé ilé ẹjọ́. Obìnrin tí ó bá ń san án lè pàdánù ìwé tí ó fi ọdún 6 dúró dè. Lẹ́yìn náà, kò ní lè ṣàròyé onílé náà fún ẹnikẹ́ni. Bí òrùlé bá ń jò, bí ẹ̀rọ amúlémóoru bá kú nínú òtútù, kí ni yóò wí? Onílé mọ àṣírí rẹ̀, òun náà mọ ti onílé. Ẹni tí ó bá wọ ilé lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò lè sinmi nínú rẹ̀.

Mo padà tọ obìnrin náà lọ. Mo ní, "Ọmọ mi, mo ṣìnà. Ìmọ̀ràn tí mo gbà ọ́ kò dára. Má ṣe san án." Ó bú sẹ́kún. N kò mọ̀ bóyá ìtura ni ó ń sun tàbí ìbẹ̀rù, nítorí ọjọ́ ti ku 11.

Àwa àgbà mẹ́ta ni a lọ bá Àlàájì. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni ẹ óò bá mi san owó báǹkì tí mo fi ra ilé? Ṣé ẹ̀yin ni ẹ óò bá mi san owó ilẹ̀ tí ìjọba ń gbà lọ́dọọdún?" Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Onílé náà ní ẹrù tirẹ̀. Òtítọ́ ni pé ilé lè ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí wọ́n ń retí wolé-wolé, owó àkọ́kọ́ sì lè pẹ́ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òtítọ́ wà. Bí onílé bá rò pé wọ́n dín owó ilé òun kù jù, kí ó mú ẹ̀rí wá, kí ó fi owó ilé àwọn aládùúgbò han ọ́fíìsì, kí ó sì ní kí wọ́n tún un wò. Lẹ́yìn tí àkókò àdéhùn àkọ́kọ́ bá pé, ó lè béèrè fún àfikún. Bí kò bá sì lè gba 2,400 rárá, kí ó sọ ọ́ ní gbangba.

Mo tún ṣe ìṣirò fún un gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò. Mo ní, "Àlàájì, nínú 28,800 tí ẹ óò gbà lọ́dún, 21,600 ni ìjọba yóò máa san, kì í ṣe owó tí ẹ óò máa lé kiri. 200 tí ẹ ń béèrè yìí, ní ọdún 2 ó di 4,800. Bí ilé yín bá ṣófo fún oṣù 2 péré, 4,800 náà ni ẹ óò pàdánù." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní òun ti yí ọkàn padà, òun yóò wá ayálégbé mìíràn. A dìde, a kí i, a jáde.

Nígbà náà ni mo rí i pé àdúà nìkan kò tó, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn. Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé obìnrin náà kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kí ọjọ́ tó pé, ó ní kí wọ́n fi ọjọ́ kún un. Ìwé kékeré tí ó ti kọ ibi 31 sínú rẹ̀ ni ó fi ṣe ẹ̀rí pé òun kò jókòó. Wọ́n fún un ní ọjọ́ 30 sí i. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Lèmọ́mù kéde fún jàmáà láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, pé kí ẹni tí ó bá mọ ilé tí ó ṣófo sọ. Awakọ̀ kan ni ó dìde. Ó ní òun máa ń gbé èrò ní agbègbè Langley Park, òun sì rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ojú fèrèsé rẹ̀.

Onílé náà jẹ́ bàbá arúgbó kan láti ilẹ̀ El Salvador. Kì í ṣe ìlú wa, kì í ṣe ẹ̀sìn wa. Kò gba fáúṣà rí láyé rẹ̀, ẹ̀rù ìwé ìjọba sì ń bà á. Ọmọbìnrin wa jókòó tì í ní wákàtí kan, ó ṣàlàyé fún un bí ó ti ṣàlàyé fún mi. Ó béèrè 2,300, iná àti omi sì wà nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì gbà á. Wolé-wolé wá ní ìgbà àkọ́kọ́, kò gbà á: aago tí ń ké nígbà tí èéfín bá wà kò ṣiṣẹ́, fèrèsé kan kò ṣeé ṣí, ọ̀dà sì ń ṣí kúrò lára ògiri. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí kì í ṣe ohun eré, nítorí ọ̀dà ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1978 lè ní òjé nínú, tí ó máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, àbíkẹ́yìn obìnrin náà kò sì tíì pé ọdún 6. Bàbá náà tún gbogbo rẹ̀ ṣe bí òfin ti wí. Wolé-wolé padà wá, ó sì gbà á.

Ó wá ku owó ìdógò. Fáúṣà kì í san èyí, ayálégbé ni yóò wá a. Ní ìgbà náà, òfin Maryland ṣì fi àyè gba onílé láti béèrè owó oṣù 2. Láti oṣù October ọdún 2024 ni ó ti di oṣù 1 péré. Bàbá náà béèrè owó oṣù 1, èyí ni 2,300. Jàmáà dá owó náà. A kò pè é ní sàráà, nítorí obìnrin náà ní òun kò fẹ́ sàráà, òun ń ṣiṣẹ́. A yá a ní owó náà láìsí èlé, kí ó máa san 100 dọ́là padà lóṣù. Nínú oṣù May ni ó kó wọ ilé. 600 ni òun ń san, ìjọba ń san 1,700, kò sì sí ìwé kejì ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà, ẹ bá mi sọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún wọn. Fáúṣà kì í ṣe ohun títà. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n mú owó wá kí òun fi orúkọ wọn sórí ìlà, olè ni, nítorí ọ̀fẹ́ ni fífi orúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe fún ẹni tí ó wá ṣe àbẹ̀wò bí tèmi, kì í sì í ṣe fún ẹni tí ó fi ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀lú. Àwọn ọmọ ìlú àti àwọn tí ó ní gíríìnì káàdì, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fún ní ààbò nítorí ewu, ni òfin mọ̀. Kí wọ́n sọ iye tí ó ń wọlé fún wọn gan-an, bí ó bá sì pọ̀ sí i, kí wọ́n lọ sọ ọ́. Kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kún tiwọn. Àwa Yorùbá fẹ́ràn àlejò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tí ó bá wá kí wọn tí ó sì fẹ́ di ará ilé, ó di dandan kí ọ́fíìsì àti onílé mọ̀. Kí wọ́n má sì ṣe rò pé àwọn lè fi fáúṣà yá ilé bàbá wọn, ìyá wọn tàbí ẹ̀gbọ́n wọn, nítorí òfin kọ̀ ọ́, àfi bí àìlera ara ẹni kan nínú ìdílé bá mú kí ó pọn dandan tí ọ́fíìsì sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin onílé ńkọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ àwa ni a óò ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa. N kò sọ pé kí ẹ má yẹ ìwà ayálégbé wò. Ẹ béèrè bí ó ti tọ́jú ilé tí ó gbé tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, tí ó ń tọ́ ọmọ, tí ó sì ń sọ òtítọ́, kì í ṣe ẹni ìtìjú nítorí pé ìjọba ń ràn án lọ́wọ́.

Kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé níbí má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ọ̀hún nìkan ni mo ń sọ. Òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011, sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yọ àwọn àdúgbò bí Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Síbẹ̀, mélòó nínú wa ni kò mọ onílé tí ó gba owó ọdún 2, tí ó sì kọ ọdún 1 sínú ìwé? Ìwé méjì fún ilé kan náà nìyẹn. Ibi tí ó wù kí ó ti ṣẹlẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Àlàájì ṣì ń kí mi títí mo fi kúrò ní Maryland, ṣùgbọ́n kíkí rẹ̀ ti di ìdajì. Èmi ń kí i ní odindi. N kò lè bá a bínú, nítorí òun ni ó béèrè, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n san án. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń padà bọ̀ wálé, obìnrin náà wá sí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun, ó fi 100 dọ́là àkọ́kọ́ lé akápò lọ́wọ́, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó ká a, ó fi í sínú ìwé kékeré tí ó ti kọ ibi 31 sí.

Kí Ọlọ́hun fún olúkúlùkù wa ní ilé tí a óò sùn nínú rẹ̀ láìfòyà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.